Láti Orí Yìnyín dé Ìdí Iṣẹ́ Ìwòsàn

Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú omi dì gbagidi, eré kan wà tí wọ́n ń fi bàtà onírin ṣe lórí yìnyín. Ijó ni, eré ìdárayá sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń wò ó nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yóò rò pé ara àwọn tí ń ṣe é fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, àti pé kò sí ibi kankan tí ń dùn wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé bí àwọn adájọ́ ti ń wo ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wo ojú. Ohun tí ètò ti òní fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí ẹ̀rín náà bò mọ́lẹ̀, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí irú àwọn eléré bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn tì nínú ìdíje, àwọn kan nínú wọn a máa yà sí ìdí iṣẹ́ ìwòsàn ara. Àwọn kan a di oníṣẹ́ abẹ. Àwọn mìíràn a di olùfọwọ́tọ́jú eegun ẹ̀yìn, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní chiropractor.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bàtà náà. Irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ. Wọ́n gbẹ́ àárín irin náà bí ojú àgbàrá kékeré, tí ó fi di olójú méjì, ojú kan nínú, ojú kan lóde, orí ọ̀kan nínú ojú méjèèjì yìí ni eléré sì gbọ́dọ̀ dúró lé. Awọ bàtà náà le kankan, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú kí ó má baà yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dáàbò bo ọrùn ẹsẹ̀ ni ó kó bá eékún, ìbàdí àti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fò láti orí àga sílẹ̀ láìwọ bàtà yóò rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ òun kọ́kọ́ tẹ̀, kí eékún tó tẹ̀ lé e. Bí ara ṣe ń pín ìnira ìbalẹ̀ nìyẹn. Eléré orí yìnyín kò ní àǹfààní ìpín àkọ́kọ́ náà. Agbára tí yìnyín fi ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀ padà lè ju ìlọ́po márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì fi ń gbà á. Ẹsẹ̀ kan náà ni lójoojúmọ́: ẹni tí ó bá ń yí sí ọwọ́ òsì nínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni yóò máa fi balẹ̀ títí yóò fi fi eré náà sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé apá kan ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa lágbára ju èkejì lọ, tí ìbàdí rẹ̀ a sì fẹ́ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ti ẹ̀yìn tún wá wúwo ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ìyípo kan wà tí eléré yóò tẹ orí àti àyà rẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun tí a fà, tí yóò sì máa yí bí òkòtó. Òmíràn tún wà tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí a fi orúkọ Denise Biellmann pè, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní àgbáyé ní ọdún 1981: nínú rẹ̀, eléré yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti ẹ̀yìn títí yóò fi ga ju orí lọ, yóò sì máa yí lórí èkejì. Ọmọdé ni àwọn tí ń kọ́ irú nǹkan wọ̀nyí, nígbà tí eegun wọn kò tíì gbó. Bí ó bá pọ̀ jù, oríkèé eegun ẹ̀yìn nísàlẹ̀ a máa sán díẹ̀díẹ̀ bí ara ìkòkò tí a ń gbé ka iná lójoojúmọ́, tí kò fọ́, ṣùgbọ́n tí kò tún gbádùn mọ́.

Kì í sì í ṣe fífò àti yíyí nìkan ni eré yìí tẹ́lẹ̀. Títí di ọdún 1990, apá kan ìdíje ni kí eléré fi ẹsẹ̀ kan ya òbírípo sí orí yìnyín, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bíi nọ́ńbà 8, kí ó sì tún ipasẹ̀ ara rẹ̀ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan síi láìjẹ́ kí ilà náà yẹ̀. Àwọn adájọ́ a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yẹ ilà náà wò. Láti inú èyí ni orúkọ tí eré náà ń jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Eré tí kò dùn-ún wò ni, a kò gbọdọ̀ purọ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́wàá ṣe é yóò mọ èjìká rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmọ̀dunjú. Yóò mọ̀ pé bí ìbàdí bá ṣí kúrò lójú ibi tí ó yẹ kí ó wà, kódà ní ìwọ̀n bí ìka kan, ilà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò sọ ọ́ fún gbogbo ayé.

Obìnrin tí ìtàn rẹ̀ fi àjọṣe eré yìí àti ìwòsàn hàn jù lọ ni Tenley Albright. Ní ọdún 1935 ni wọ́n bí i, ní ìlú Newton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Oníṣẹ́ abẹ ni baba rẹ̀. Ọmọ náà ti ń ṣeré lórí yìnyín láti kékeré, nígbà tí ó di ọdún 1946, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú. Ó mú un ní ẹsẹ̀, ní ọrùn, ní ẹ̀yìn. Nígbà náà, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Oṣù kẹrin ọdún 1955 ni wọ́n tó kéde pé èyí tí Jonas Salk ṣe jẹ́ iṣẹ́. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà kò níláti wá alálàyé lórí àrùn yìí, nítorí pé orílẹ̀-èdè wa ni ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Áfíríkà tí irú èyí tí ń ti inú ìgbẹ́ ayé wá, kì í ṣe ti inú abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀kán oògùn, dáwọ́ ìjà dúró níbẹ̀, tí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni a ti rí ẹni tí ó bá a kù.

Nígbà tí ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yá, àwọn oníṣègùn gbà á nímọ̀ràn pé kí ó padà sí eré tí ara rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó padà sórí yìnyín, ó di ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ pápá mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó ti ń ṣeré wá di ibi tí ó ti ń gba ìwòsàn. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ síbí, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé a máa sáré kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n lè tètè dé ibi tí wúrà wà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àrùn náà mú ni eré ìdárayá lè mú padà bọ̀ sípò. Ibi tí àrùn náà bá ti pa iṣan ìmọ̀lára run pátápátá, kò sí ìfarabalẹ̀ tàbí ìgboyà tí yóò jí i. Ọmọ náà ní oríire pé díẹ̀ ṣẹ́kù lára rẹ̀ tí ó ṣe é tọ́, ó sì tọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fi ìtàn rẹ̀ bá arọ wí pé òun náà ìbá rìn bí ó bá gbìyànjú, ìkà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ tí ó gbé e dé òkè ni Maribel Vinson Owen, obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà. Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ni ọmọbìnrin náà ń lọ sórí yìnyín, kí ó tó lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún 1952, ní ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Oslo, ipò kejì ni ó ṣe, Jeannette Altwegg ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó borí. Ní ọdún kejì rẹ̀, ó gba ipò kìn-ín-ní ní àgbáyé, obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún gbà á ní ọdún 1955. Láti ọdún 1952 títí dé 1956, kò sí obìnrin tí ó borí rẹ̀ nínú ìdíje orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ìdíje Òlíńpíìkì ti ọdún 1956 ni ó kù, ní ìlú Cortina d'Ampezzo ní ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, irin bàtà rẹ̀ kọ́ ihò kékeré kan lórí yìnyín níbi tí ó ti ń gbára dì, ó sì ṣubú. Irin ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gé awọ bàtà ọ̀tún kọjá, ó gé iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì dé eegun. Baba rẹ̀ tí í ṣe oníṣẹ́ abẹ wọ ọkọ̀ òfurufú wá, ó tọ́jú ọgbẹ́ náà. Ọmọ náà sì jó. Orin tí ó fi jó jẹ́ ti Offenbach, àwọn ènìyàn tí wọ́n wá wòran sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún sẹ́nu bí ó ti ń yí kiri ní ìta gbangba, lábẹ́ òkè ńlá. Àwọn adájọ́ mọ́kànlá ni ó wà. Mẹ́wàá nínú wọn fi í sí ipò kìn-ín-ní. Òun ni obìnrin Amẹ́ríkà tí ó kọ́kọ́ gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn eléré ti ń parí nìyí, ibẹ̀ gan-an ni ti Albright sì ti gbèrú. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò wà nígbà náà tí ń fi owó gidi pe àwọn olóyè Òlíńpíìkì láti wá máa jó káàkiri. Kò lọ. Ní ọdún 1957, ó wọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì Harvard. Ọdún 1945 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà tó kọ́kọ́ gba obìnrin wọlé, nítorí náà àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Ní ọdún 1961, ó jáde, ó sì di oníṣẹ́ abẹ bíi baba rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí àwọn eléré Amẹ́ríkà lọ sí Innsbruck fún Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní ọdún 1976, òun ni ó ṣe olórí àwọn oníṣègùn wọn. Ní ọdún 1979, ó wọ ipò ìgbákejì ààrẹ nínú ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì orílẹ̀-èdè náà, ipò tí obìnrin kankan kò tíì dé irú rẹ̀ rí láàárín àwọn olóyè ìgbìmọ̀ náà.

Ọdún 1961 tí ó gba oyè ìṣègùn yìí jẹ́ ọdún ọ̀fọ̀ fún àwọn eléré orí yìnyín. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì, ọkọ̀ òfurufú tí ó ń kó àwọn tí yóò ṣojú Amẹ́ríkà lọ sí ìdíje àgbáyé ní Prague já lulẹ̀ nítòsí Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Kò sí ẹni tí ó yè nínú àwọn 72 tí ó wà nínú rẹ̀. Maribel Vinson Owen wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Èyí àbúrò, Laurence, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà ni. Wọ́n fagi lé ìdíje ọdún náà.

Ẹlòmíràn tí a kò lè ṣàì dárúkọ ni Debi Thomas, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó gba ipò kìn-ín-ní ní àgbáyé ní ọdún 1986, ní Òlíńpíìkì ti Calgary ní ọdún 1988 ó sì gba idẹ, èyí tí ó sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Bí ó ti ń díje ni ó ń lọ sí Yunifásítì Stanford. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Northwestern, tí ó gba oyè ní ọdún 1997, ó sì di oníṣẹ́ abẹ eegun, pàápàá ti eékún àti ìbàdí, àwọn oríkèé tí eré rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ run gan-an. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ náà kò lọ déédéé mọ́ fún un, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó mú un dé ibẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lè gba idẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn méjì yìí gba ọ̀nà oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀nà kejì, ti àwọn olùfọwọ́tọ́jú eegun ẹ̀yìn, ni ó ń fa àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni wọ́n fi ṣẹ̀dá orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a fi ọwọ́ ṣe. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni Daniel David Palmer, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó wá tẹ̀dó sí Davenport ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tí ó ń fi ohun tí ó pè ní agbára òòfà wo àwọn aláìsàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, ó pàdé Harvey Lillard, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ń gbá ilé tí ọ́fíìsì Palmer wà, tí etí rẹ̀ kò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Palmer sọ pé òun rí oríkèé kan tí ó ṣí nípò ní ẹ̀yìn ọkùnrin náà, òun tì í padà, etí rẹ̀ sì là. Láti inú èyí ni ó ti gbé e kalẹ̀ pé oríkèé eegun ẹ̀yìn tí ó bá ṣí nípò a máa tẹ iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí sì ni orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ àrùn tí ń bá ènìyàn jà. Ní ọdún 1897, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1906, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń ṣe ìwòsàn láìní ìwé-àṣẹ.

Ìtàn Lillard dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí a ti ṣe dá ara yóò béèrè ọ̀rọ̀ kan: iṣan tí ó ń gbé ohùn láti inú etí lọ sí ọpọlọ kò gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá rárá. Inú orí ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, inú orí náà ni ó ti ń parí. Òkúta tí ó wà ní ìpìlẹ̀ ilé náà nìyí, àwọn tí ń gbé inú ilé náà sì ti ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ láti ìgbà láéláé. Àwọn kan di ọ̀rọ̀ Palmer mú gírígírí, wọ́n ní gbogbo àrùn ni ẹ̀yìn. Àwọn yòókù ní ẹ̀yìn tí ń dunni, ọrùn tí ó gan àti oríkèé tí kò ṣí dáadáa ni iṣẹ́ tiwọn, pé kí onílé-ìgbẹ́ wọ̀, kí onílé-ìfun wọ̀, ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. A kò nílò ẹni tí yóò sọ fún wa èyí tí ó bọ́gbọ́n mu.

Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn kò tilẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 1963, Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Amẹ́ríkà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn ayédèrú oníṣègùn, àwọn olùfọwọ́tọ́jú eegun ni wọ́n sì dojú ìbọn kọ jù lọ. Dókítà tí ó bá fi aláìsàn ránṣẹ́ sí wọn, tàbí tí ó gba aláìsàn lọ́wọ́ wọn, ti lu òfin ẹgbẹ́. Ní ọdún 1976, Chester Wilk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí Adájọ́ Susan Getzendanner tó dájọ́ ní ọdún 1987 pé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ nínú ọ̀tẹ̀ láti pa iṣẹ́ ọmọlàkejì run, pé èyí sì lòdì sí òfin ìdíje òwò. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i ní ọdún 1990. Ó yẹ kí á kíyè sí ohun tí adájọ́ náà kò sọ. Kò sọ pé ìwòsàn náà jẹ́ tàbí pé kò jẹ́. Ẹjọ́ òwò ni ó dá. Síbẹ̀, títí di òní, àwọn kan ń gbé ìdájọ́ náà kiri bí ẹni pé ilé-ẹjọ́ ni ó ṣe àyẹ̀wò eegun.

Ní Amẹ́ríkà òde òní, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, yóò sì tún lo bí ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Yóò gé òkú láti kọ́ nípa ara, yóò kọ́ bí a ti ń ka àwòrán ẹ́síréè, yóò ṣe ìdánwò ìjọba, yóò sì gba ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kansas ni ó kọ́kọ́ ṣòfin fún wọn ní ọdún 1913. Louisiana ni ó ṣe é kẹ́yìn, ní ọdún 1974. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1994 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ wọn pe ara rẹ̀ ní chiropractor. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní London, tí iṣẹ́ alẹ́ àti ẹrù gbígbé ń ba ẹ̀yìn wọn jẹ́, lè lo ìwé náà láti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ara wọn lé lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ ìwòsàn náà jẹ́? Fún ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tí ń dunni, ó jẹ́ díẹ̀. Àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017 fi hàn pé ó ń dín ìrora kù níwọ̀nba láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ní ọdún kan náà sì ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn inú ara níbẹ̀ fi í kún àwọn ohun tí aláìsàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú kí ó tó lo oògùn, pẹ̀lú ohun gbígbóná àti ara wíwọ́. Kò sí ẹ̀rí pé ó ju àwọn yòókù wọ̀nyí lọ. Ohùn kọ́ọ̀ tí oríkèé ń dún nígbà tí wọ́n bá tì í, tí aláìsàn fi ń rò pé eegun ti padà sílé, kì í ṣe ohùn eegun rárá. Omi wà nínú oríkèé. Bí wọ́n bá fa eegun méjì kúrò lára wọn lójijì, àlàfo afẹ́fẹ́ a là nínú omi náà. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà ya àwòrán rẹ̀ ní ọdún 2015 níbi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú oríkèé ìka ọwọ́. Ti ọrùn ni ó gba ìṣọ́ra jù: ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí ọpọlọ ya lẹ́yìn irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Simon Singh, òǹkọ̀wé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 2008 pé kò sí ẹ̀rí fún àwọn tí ń sọ pé àwọn ń fi eegun títì wo inú rírun ọmọ ọwọ́ àti ikọ́ fée, ẹgbẹ́ àwọn olùfọwọ́tọ́jú eegun pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pé èrò ọkàn rẹ̀ ni ó sọ, ẹgbẹ́ náà sì jáwọ́ nínú ẹjọ́. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n tún òfin ìbanilórúkọjẹ́ ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2013. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùfọwọ́tọ́jú eegun ni ojú tì nígbà náà, ó sì yẹ kí ó tì wọ́n.

Inú iṣẹ́ tí ó rí báyìí ni eléré orí yìnyín àtijọ́ ń wọ̀. Kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ní Òlíńpíìkì ọdún 1980 ní Lake Placid, George Goodheart bá àwọn eléré Amẹ́ríkà lọ gẹ́gẹ́ bí olùfọwọ́tọ́jú eegun nínú ìṣọ̀wọ́ àwọn oníṣègùn wọn, láti ìgbà náà ni irú wọn sì ti wọ́pọ̀ lẹ́yìn àwọn eléré. Eléré àtijọ́ ní ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. Bí ọmọ kan bá sọ pé ìgbà tí òun bá tẹ̀ sẹ́yìn ni ó ń dun òun, ó mọ bí ó ti ń rí. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìbalẹ̀ kan ṣoṣo ni, ó mọ̀ pé bàtà titun a máa ṣẹ́ eékún níṣẹ̀ẹ́, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni ọmọ náà ń pa nígbà tí ó ní kò dun òun púpọ̀, nítorí pé òun náà ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìmọ̀ gidi ni èyí. Ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Bí ìrora bá tó láti sọni di oníṣègùn, Albright kì bá tí nílò Harvard. Ohun tí ó jìyà rẹ̀ ní kékeré ìbá ti tó o. Ewu tí ó wà fún eléré tí ó di olùfọwọ́tọ́jú ni kí ó rò pé ohun tí ó wo ẹ̀yìn tòun sàn ni yóò wo ti gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ìyá rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ mú wá sí ọ̀dọ̀ irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ìdíje ńlá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùtọ́jú náà béèrè bóyá ìrora náà ń jí i lóru. Ó ní kí ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ó sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ náà kígbe, ibì kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì fi ìka tọ́ sí. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ̀ pé eegun lè ti sán níbẹ̀, pé eegun tí ó sán kò ṣe é tì. Yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, yóò kọ ìwé sí dókítà eegun pé kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ọmọ náà, yóò sì sọ fún àwọn tí ó mú un wá pé ó lè gba oṣù bíi mélòó kan kí ó tó tún fò. Ìdíje ọdún náà yóò kọjá lórí rẹ̀. Owó tí ìyá ti san fún bàtà, fún aṣọ, fún pápá, kò ní padà. Olùkọ́ lè dìde kí ó mú ọmọ náà jáde, kí ó lọ wá ẹlòmíràn tí yóò ti ẹ̀yìn náà títí yóò fi dún kọ́ọ̀.